Dísìkì Méjì, Ẹnu Ọ̀nà Kan: Ìdí Tí Ubuntu Ò Fi Gbéra Nígbà Tí A Yọ Dísìkì Windows

Ìbéèrè: Dísìkì méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Windows 11 wà lórí NVMe 1 TB, Ubuntu 22.04 wà lórí SSD SATA 500 GB. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ọ̀kan má baà kó bá èkejì. Mo yọ NVMe náà fún ìgbà díẹ̀, Ubuntu kọ̀, kò gbéra. Kọ̀ǹpútà ní òun ò rí dísìkì tí òun lè fi gbéra. Mo dá NVMe padà sáyè rẹ̀, Windows nìkan ló ń wọlé báyìí, mẹ́nù tí mo fi ń yàn láàárín méjèèjì ti pòórá. Yàtọ̀ síyẹn, aago Windows máa ń ṣì bí mo bá ti Ubuntu dé, Ubuntu kì í sì í jẹ́ kí n kọ nǹkan sínú ìpín Windows. Ṣé kí n kúkú tún Ubuntu fi sí látìbẹ̀rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tún nǹkan kan fi sí. Ubuntu yín ṣì wà lórí SATA bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, kò sí fáìlì kan tó sọnù níbẹ̀. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sọnù, ọ̀nà yẹn ò sì fìgbà kan sí lórí SATA. Orí NVMe ló wà látọjọ́ tí ẹ ti fi Ubuntu sí i. Ilé méjì lẹ kọ́, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni méjèèjì ń gbà wọlé, inú ọgbà Windows sì ni ẹnu ọ̀nà náà wà. Ohun tí a máa ṣe ni pé ká la ẹnu ọ̀nà fún Ubuntu lórí dísìkì tirẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. UEFI, ìyẹn ètò orí motherboard tó máa ń kọ́kọ́ jí, kì í wá Windows tàbí Linux kiri inú dísìkì. Ìpín kékeré kan tí wọ́n ń pè ní ESP ló ń wá, FAT32 ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Inú rẹ̀ ni fáìlì tó ń jí ètò kọ̀ọ̀kan wà. Ti Windows ni \EFI\Microsoft\Boot\bootmgfw.efi. Ti Ubuntu ni \EFI\ubuntu\shimx64.efi, òun ló ń pe grubx64.efi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, GRUB á wá gbé mẹ́nù jáde. Àdírẹ́sì àwọn fáìlì wọ̀nyí wà nínú ìrántí kékeré kan lórí motherboard tó ń jẹ́ NVRAM. Bí ESP náà ò bá sí nílé, tàbí tí àdírẹ́sì yẹn parẹ́ nínú NVRAM, ètò yín lè wà ní pípé lórí dísìkì kí kọ̀ǹpútà má mọ̀ pé ó wà.

Ta ló wá gbé fáìlì Ubuntu sórí NVMe? Ètò tó ń fi Ubuntu 22.04 sínú kọ̀ǹpútà ni. Ìwà rẹ̀ nìyẹn látọjọ́ pípẹ́: ESP tó bá kọ́kọ́ rí ló ń kó fáìlì rẹ̀ sí, kódà bí ẹ bá yan SATA nínú àpótí tó ń béèrè ibi tí bootloader, ìyẹn ètò tó ń jí Ubuntu, máa wà. Àpótí yẹn wúlò fún ìlànà BIOS àtijọ́. Lábẹ́ UEFI, kò ka ohun tí ẹ yàn sí. Windows náà ò mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí o. Bí ESP kan bá ti wà lórí dísìkì mìíràn nígbà tí wọ́n ń fi Windows sí kọ̀ǹpútà, ó lè kó fáìlì tirẹ̀ sínú rẹ̀, kó má dá tirẹ̀ sílẹ̀ rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń fi ètò kejì sí dísìkì kejì fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ dísìkì àkọ́kọ́ kúrò. Ìṣẹ́jú méjì ni yíyọ dísìkì yẹn ń gbà.

Nígbà tí ẹ yọ NVMe, UEFI wo àwọn àdírẹ́sì tó ní lọ́wọ́, ó rí i pé wọn ò já síbì kankan mọ́. Ọ̀pọ̀ motherboard á pa irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ẹ dá a padà, wọ́n tún mọ ibi tí bootmgfw.efi máa ń wà, torí náà wọ́n fúnra wọn kọ Windows padà sínú NVRAM. Kò sẹ́ni tó bá wọn wá fódà ubuntu. Bí mẹ́nù yín ṣe pòórá nìyẹn. Windows kọ́ ló pa á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ wọ Windows, kí ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, kí ẹ wò bóyá BitLocker, ètò Windows tó ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dísìkì, ti dísìkì náà pa:

manage-bde -status C:
manage-bde -protectors -get C:

Ẹ má sọ pé ẹ ò tan BitLocker rí. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 11, òun fúnra rẹ̀ ló ń tan ara rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fi àkántì Microsoft wọlé. Àṣẹ kejì yẹn á fi nọ́ńbà gígùn kan hàn yín, oní-48. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe sínú kọ̀ǹpútà yìí kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ìṣọ́ rẹ̀ dúró:

manage-bde -protectors -disable C: -RebootCount 0

Òǹkà 0 tó wà níbẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ ò bá fi í sí i, BitLocker á padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá tún gbéra lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀yin sì máa pa á, ẹ máa tàn án, ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí gbogbo iṣẹ́ bá parí, ẹ fi -enable rọ́pò -disable, kí ẹ sì yọ -RebootCount 0 kúrò.

Nígbà tí ẹ ṣì wà nínú Windows, ẹ tún tẹ àṣẹ yìí:

powercfg /h off

Èyí ló máa yanjú ẹjọ́ kíkọ nǹkan sínú ìpín Windows. Bí ẹ bá tẹ Shut down, Windows kì í sùn tán. Ó máa ń tọ́jú apá kan ìrántí rẹ̀ sórí dísìkì kó lè yára jí. Fast Startup ni wọ́n ń pe èyí. Fún ìdí yẹn, ìpín NTFS rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí lójú Linux, bí ìwé tí ẹnì kan fi bírò sáàárín tó ní òun ń bọ̀. Ubuntu ò ní gbà kí ẹ kọ nǹkan sí i, ohun tó dáa ló sì ń ṣe fún yín. Ẹ máa rí àwọn kan tó ń sọ pé kí ẹ fi agbára ṣí i. Ẹ má dán an wò: bí Windows bá jí, ohun tó rántí nípa dísìkì náà àti ohun tó wà lórí rẹ̀ ò ní bára mu mọ́, fáìlì lá sì fara gbá a.

Ká wo ohun tó wà nílẹ̀

Ẹ wá fíláàṣì tó tó 8 GB tí Ubuntu wà lórí rẹ̀. Ẹ fi tan kọ̀ǹpútà, ẹ yan Try Ubuntu. Nínú mẹ́nù tí ẹ ti máa yan fíláàṣì náà, ó lè fara hàn lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí UEFI wà níwájú orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ mú. Bọ́tìnnì tó ń gbé mẹ́nù yẹn jáde yàtọ̀ síra: F12 lórí Dell, Lenovo àti Gigabyte, F9 lórí HP, F11 lórí MSI àti ASRock, F8 lórí motherboard ASUS. Tí ẹ bá ti wọlé, ẹ ṣí Terminal:

ls /sys/firmware/efi
lsblk -o NAME,SIZE,FSTYPE,PARTUUID,MODEL
sudo parted /dev/sda print

Bí àṣẹ àkọ́kọ́ bá ní kò sí irú fódà bẹ́ẹ̀, ìlànà BIOS àtijọ́ lẹ fi wọlé. Ẹ padà, ẹ yan UEFI, nítorí gbogbo ohun tó kù ò ní ṣiṣẹ́. Nínú èsì lsblk, ẹ máa rí ìpín vfat kékeré kan (orúkọ tí Linux ń pe FAT32 nìyẹn) lórí nvme0n1, ìyẹn NVMe yín, 100 MB lọ́pọ̀ ìgbà, 260 MB lórí kọ̀ǹpútà kan. Lórí sda, ìyẹn SATA yín, ẹ máa rí ext4, ìpín tí Ubuntu fúnra rẹ̀ wà, ẹ ò sì ní rí vfat kankan. Ẹ̀rí yín nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú rí i kedere:

sudo mkdir /tmp/w
sudo mount /dev/nvme0n1p1 /tmp/w
ls /tmp/w/EFI

Boot, Microsoft, ubuntu: àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ jókòó síbẹ̀. Ẹ tú u sílẹ̀ pẹ̀lú sudo umount /tmp/w.

Mo ń pe dísìkì Ubuntu yín ní sda nínú àlàyé yìí, mo sì ń gbà pé ext4 rẹ̀ ni sda1. Tiyín lè yàtọ̀. Fíláàṣì náà lè gba orúkọ sda, kí SSD yín di sdb. Ẹ wo ìwọ̀n àti MODEL ní gbogbo ìgbà kí ẹ tó tẹ Enter. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ohun tó dúró sójú kan. Ẹ lè tan kọ̀ǹpútà lọ́la kí wọ́n ti pààrọ̀ ara wọn.

Parted á sọ fún yín bóyá "Partition Table: gpt" ni, ìyẹn ìlànà tuntun tí wọ́n fi ń pín dísìkì. Bí ó bá sọ msdos, ìlànà àtijọ́, ẹ dúró ná. UEFI kan máa gba ESP lórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀, òmíràn ò ní gbà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì yín síta kí ẹ tó yí i padà sí GPT.

Lílà ẹnu ọ̀nà tuntun

Ẹ ṣí GParted, ẹ yan /dev/sda lókè lápá ọ̀tún. Ẹ tẹ Resize/Move lórí ext4, kí ẹ kọ 512 sínú "Free space following". Ìdí ìpín náà ni kí ẹ ti gé e, kì í ṣe iwájú. Bí ẹ bá ti iwájú gé e, GParted gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sún, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, bí iná bá sì lọ láàárín, ẹ̀kún dé. ESP kò ní láti wà níwájú dísìkì. Ibikíbi ló lè wà. Lórí àyè 512 MB tó ṣí sílẹ̀, ẹ dá ìpín tuntun, fat32, ẹ tẹ Apply, kí ẹ wá wọ Manage Flags láti mú esp. Boot á mú ara rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìpín yìí ni sda2. Fáìlì Ubuntu tó máa wọ ibẹ̀ ò tó 20 MB, ṣùgbọ́n ìmúdójúìwọ̀n fún motherboard fúnra rẹ̀ máa ń gba ibẹ̀ kọjá nígbà mìíràn, ẹ má ṣe fi àyè há a.

Bí ẹ bá ti fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo dísìkì Ubuntu yín pa nígbà tí ẹ ń fi í sí i, ọ̀nà GParted yìí kì í ṣe tiyín. Gígé irú ìpín bẹ́ẹ̀ ní ìgbésẹ̀ mìíràn tó ṣáájú.

Ní báyìí, ẹ wọ inú Ubuntu tó wà lórí SATA láti orí fíláàṣì:

sudo mount /dev/sda1 /mnt
sudo mount /dev/sda2 /mnt/boot/efi
for i in dev dev/pts proc sys run; do sudo mount --bind /$i /mnt/$i; done
sudo mount --bind /sys/firmware/efi/efivars /mnt/sys/firmware/efi/efivars
sudo chroot /mnt

Láti ìhín lọ, ohun tí ẹ bá tẹ̀, inú Ubuntu yín gan-an ló ti ń ṣẹlẹ̀. Fstab, fáìlì tó ń sọ àwọn ìpín tí Ubuntu máa so mọ́ra nígbà tó bá ń jí, ni ká kọ́kọ́ tún ṣe, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé:

blkid -s UUID -o value /dev/sda2
nano /etc/fstab

Àṣẹ àkọ́kọ́ á fún yín ní àmì kúkúrú kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́jọ pẹ̀lú dáàṣì láàárín, irú bíi 4A1B-7C2D. Nínú fstab, ẹ wá ìlà tó ní /boot/efi. UUID ti NVMe ló wà níbẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fò ó, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó ti tò, títí ẹ ó tún fi yọ NVMe. GRUB á jáde, Ubuntu á bẹ̀rẹ̀, á wá dúró gbagidi fún ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, tí yóò máa retí ìpín tí kò sí nílé, kó tó gbé ojú dúdú emergency mode síwájú yín. Èèyàn á rò pé GRUB ló bàjẹ́, ìlà kan ṣoṣo nínú fstab ni.

Ó wá ku GRUB:

grub-install --target=x86_64-efi --efi-directory=/boot/efi --bootloader-id=ubuntu
update-grub
ls /boot/efi/EFI/BOOT

"Installation finished. No error reported." lẹ fẹ́ rí. Bí ó bá ní "cannot find EFI directory", ẹ ò tíì so sda2 mọ́ /boot/efi. Bí ó bá ní EFI variables ò sí lórí kọ̀ǹpútà yìí, ìlà efivars lẹ fò, tàbí kí ó jẹ́ pé ìlànà àtijọ́ lẹ fi wọlé. "No space left on device" ló máa ń tan èèyàn jẹ jù: bí gbólóhùn náà bá ti mẹ́nu kan Boot variable, NVRAM orí motherboard ló kún, kì í ṣe dísìkì. Àwọn àdírẹ́sì àtijọ́ tí ẹ ò lò mọ́ ni kí ẹ pa rẹ́ níbẹ̀.

BOOTX64.EFI ni kí ẹ wá nínú èsì ls yẹn. Orúkọ tí gbogbo UEFI mọ̀ nìyẹn: bí NVRAM bá ṣófo pátápátá, fáìlì yẹn ni kọ̀ǹpútà máa wá lórí dísìkì kọ̀ọ̀kan. Òun ló máa jẹ́ kí SATA yín lè dá dúró fúnra rẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ tún àṣẹ grub-install náà tẹ̀ pẹ̀lú --removable ní ìparí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ exit.

Kíka ìwé NVRAM

Ẹ tẹ sudo efibootmgr -v. Ohun tó máa jáde á jọ èyí. Mo ti gé nọ́ńbà gígùn kúrò láàárín:

BootOrder: 0002,0000
Boot0000* Windows Boot Manager HD(1,GPT,…,0x800,0x32000)/File(\EFI\Microsoft\Boot\bootmgfw.efi)
Boot0002* ubuntu HD(2,GPT,…,0x100000)/File(\EFI\ubuntu\shimx64.efi)

Ẹ má fi orúkọ dá wọn mọ̀. "ubuntu" méjì lè wà níbẹ̀, kí ọ̀kan tọ́ka sí NVMe, kí èkejì tọ́ka sí SATA. Inú àkámọ́ HD lọ̀rọ̀ wà. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ipò ìpín lórí dísìkì, èyí tó gbẹ̀yìn sì ni ìwọ̀n rẹ̀ ní sẹ́kítọ̀. 0x32000 jẹ́ sẹ́kítọ̀ 204,800. Bí ẹ bá fi báìtì 512 sọ ọ́ di púpọ̀, 100 MB ló jẹ́, ìyẹn ESP ti Windows. 0x100000 jẹ́ sẹ́kítọ̀ 1,048,576, ìyẹn 512 MB tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Nọ́ńbà gígùn tí mo gé ni PARTUUID tí lsblk ti fi hàn yín. Ẹ fi wọ́n wéra, ẹ ò ní ṣì í mú. Bí ubuntu kan bá wà tó tọ́ka sí NVMe, ká ní Boot0005 ni, sudo efibootmgr -b 0005 -B á pa á rẹ́. Sudo efibootmgr -o 0002,0000 ló ń to ẹni tó máa ṣáájú.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan fódà ubuntu àtijọ́ tó wà lórí NVMe. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ okùn iná, ẹ yọ NVMe, ẹ tàn án. Ubuntu gbọ́dọ̀ wọlé fúnra rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ dá NVMe padà, ẹ wá yọ okùn SATA. Windows náà gbọ́dọ̀ wọlé. Ìgbà tí méjèèjì bá yege ni kí ẹ tó so ESP ti NVMe mọ́ /tmp/w bíi ti ìṣáájú, kí ẹ pa EFI/ubuntu inú rẹ̀ rẹ́. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ kíyè sí: Ubuntu lè ti fi tirẹ̀ bo BOOTX64.EFI ti Windows nígbà náà lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá rí fbx64.efi nínú EFI/Boot, ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ pa fbx64.efi yẹn rẹ́, kí ẹ ṣe ẹ̀dà EFI/Microsoft/Boot/bootmgfw.efi, kí ẹ fi bo bootx64.efi tó wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá jẹ́ pé ti Windows ló wà lórí dísìkì Linux, òdì kejì ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹ dá ESP sórí dísìkì Windows, ẹ fi diskpart fún un ní lẹ́tà S, kí ẹ tẹ bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI. Ó parí.

Mẹ́nù àti aago

Bí ẹ bá fẹ́ kí Windows tún máa hàn nínú mẹ́nù GRUB, ẹ máa rí i pé update-grub lè sọ pé òun ò ní wá ètò mìíràn. Láti GRUB 2.06 ni wọ́n ti pa os-prober, irinṣẹ́ tó ń wá ètò mìíràn kiri, nítorí ààbò. Ẹ ṣí /etc/default/grub, ẹ fi àwọn ìlà yìí sí i (àwọn tó bá ti wà níbẹ̀, ẹ kàn yí wọn padà), kí ẹ tún tẹ sudo update-grub:

GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false
GRUB_TIMEOUT_STYLE=menu
GRUB_TIMEOUT=5

Lójú tèmi, nígbà tí dísìkì ti di méjì, ẹ ò nílò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí tí ẹ ń lò jù ṣáájú nínú BootOrder, kí ẹ máa fi bọ́tìnnì F yan èkejì. Bí Windows bá gba inú GRUB kọjá, BitLocker máa ń ṣàkíyèsí pé ọ̀nà tí òun gbà jí ti yí padà, ó sì lè máa béèrè nọ́ńbà 48 yẹn lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fi bọ́tìnnì F yàn án tààrà, kò ní bi yín ní nǹkan kan. Ìmúdójúìwọ̀n Windows ńlá náà lè padà fi ara rẹ̀ ṣáájú nínú BootOrder. Àṣẹ efibootmgr -o kan ṣoṣo ló máa dá a padà sípò.

Ti aago ò le. Aago orí motherboard, Linux gbà pé UTC (aago àgbáyé) ló wà lórí rẹ̀, Windows gbà pé aago ìlú yín ni. Torí náà, iye wákàtí tí ìlú yín fi yàtọ̀ sí UTC gan-an ni Windows fi ń ṣì. Ẹ lè ní kí Linux tẹ̀ lé Windows, ṣùgbọ́n timedatectl fúnra rẹ̀ á kìlọ̀ fún yín pé kò dáa. Windows ni kí ẹ yí, nínú Command Prompt alábòójútó:

reg add "HKLM\SYSTEM\CurrentControlSet\Control\TimeZoneInformation" /v RealTimeIsUniversal /t REG_DWORD /d 1 /f

Ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ tún aago ṣe lẹ́ẹ̀kan, kò ní ṣì mọ́.

Ó ku ẹyọ kan, nítorí ẹni tó bá ń lo Secure Boot, ìyẹn ààbò UEFI tí kì í jẹ́ kí fáìlì tí kò ní òǹtẹ̀ tó gbà gbọ́ jí kọ̀ǹpútà. Ìmúdójúìwọ̀n Windows ti oṣù kẹjọ ọdún 2024 dí shim àtijọ́ (shimx64.efi ti Linux) lọ́nà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà oní-ètò méjì, èyí tó wà lórí dísìkì ọ̀tọ̀ pàápàá, nítorí inú NVRAM ni Windows kọ òfin náà sí, kì í ṣe sórí dísìkì. Àmì rẹ̀ ni "SBAT self-check failed" tó máa hàn fìrí kí kọ̀ǹpútà tó kú. Bí ẹ bá rí i, ẹ pa Secure Boot nínú UEFI, ẹ wọ Ubuntu, ẹ tẹ sudo mokutil --set-sbat-policy delete, ẹ tún Ubuntu tàn lẹ́ẹ̀kan kí àṣẹ náà lè ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe ìmúdójúìwọ̀n Ubuntu kí shim tuntun lè wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ tan Secure Boot padà.